Wọ́n ti mọ wákàtí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni a tún ń kírun fún?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aleekum, Alfa wa. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí ní yunifásítì. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ Àìkú, 7 September 2025, òṣùpá yọ tòun ti òkùnkùn lójú, ó pọ́n bí epo. Ṣáájú ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gba orí WhatsApp kan, pẹ̀lú wákàtí tí ó máa parí. Alfa kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ ti gba aríran gbọ́, ó ti di kèfèrí. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ka físíìsì ní òjìji ayé lásán ni, ta ní ń kírun nítorí òjìji. Èmi wà láàrin àwọn méjèèjì, n kò kí ìrun tí a máa ń kí bí òṣùpá bá ṣókùnkùn. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Bí mo bá ti ń ronú bí sánmọ̀ ṣe fẹ̀ tó, ìbéèrè kan máa ń dé tí n kò lè fi ẹnu sọ nípa Ọlọ́hun. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo ṣì jẹ́ mùsùlùmí? Ṣé kí n san ìrun náà padà?

ÌDÁHÙN: Wa aleekumu salaam, ọmọ mi. Mùsùlùmí ni ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a gbà lọ́wọ́ rẹ. Ti alfa yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló dùn mí jù.

Ohun tí Ọlọ́hun fi pamọ́ fún ara rẹ̀ ni ìkọ̀kọ̀. Kúsúùfù, ìyẹn kí oòrùn tàbí òṣùpá ṣókùnkùn, kò sí nínú rẹ̀. Súrà Rahmaan ló ní ìṣirò ni oòrùn àti òṣùpá ń bá rìn. Ohun tí ó bá sì ń bá ìṣirò rìn, ẹni tí ó mọ ìṣirò lè mọ ibi tí yóò dé lọ́la. Ibn Taymiyyah, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn tí ó kú ní 1328, tí irú àwọn alfa báyìí fẹ́ràn láti máa pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bú ènìyàn, sọ ọ́ gbangba pé bí oṣù ṣe ní ìgbà tí ó ń lé ni kúsúùfù ní ìgbà tirẹ̀, àwọn oníṣirò sì ń mọ̀ ọ́n. Òun kan náà ló dá òpìtàn Al-Waqidi lóhùn, ẹni tí ó kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹwàá oṣù ni Ibrahim ọmọ Ànọ́bì kú tí oòrùn sì ṣókùnkùn. Ó ní àṣìṣe ni, nítorí ìparí oṣù nìkan ni oòrùn ń ṣókùnkùn, nígbà tí òṣùpá bá bọ́ sí àárín àwa àti òun. Àárín oṣù ni ti òṣùpá. Àwọn onímọ̀ òde òní ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó bọ́ sí 27 January 632, ìparí oṣù Ṣawwal, ọdún 10 Hijra. Ìṣirò ló wá gbè sẹ́yìn hádíìsì tí ó ní ọjọ́ tí Ibrahim kú ni oòrùn ṣókùnkùn.

Kí Ibn Taymiyyah tó dáyé ni Al-Ghazali, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn mìíràn, ti kìlọ̀ fún irú àwọn alfa wọ̀nyí. Ó ní ẹni tí ó bá rò pé òun ń gbèjà ẹ̀sìn bí òun bá ń bá àwọn oníṣirò kúsúùfù jiyàn, ẹ̀sìn gan-an ló ń ṣe ní ọṣẹ́. Ẹni tí ó ti fi ìṣirò mọ wákàtí rẹ̀ kò ní ṣiyèméjì sí ìṣirò. Ẹ̀sìn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí. Ṣé kì í ṣe ohun tí ó ṣe ọ́ nìyẹn? Àwọn alfa yìí kan náà, bí wọ́n bá tún fẹ́ gbé ẹ̀sìn ga, wọn a ní Neil Armstrong, ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, gbọ́ ìrun pípè níbẹ̀, ó sì gba Islam. Ọkùnrin náà sẹ́ ẹ títí, ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1983, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sọ ọ́ lórí mínbárì. Kí ni Ọlọ́hun fẹ́ fi irọ́ ṣe?

Ó kan ọ̀rẹ́ rẹ. Fóònù rẹ̀ ń sọ ìṣẹ́jú tí oòrùn máa wọ̀ lónìí. Ṣé kí a wá pa ìrun Mọ́gàríbì tì, nígbà tí a ti mọ̀ pé ayé ló ń yí? Nígbà tí Ibrahim kú, ìlú ní oòrùn ló ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ Ànọ́bì. Wòlíì èké ì bá gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ ọ́: oòrùn àti òṣùpá jẹ́ àmì méjì nínú àwọn àmì Ọlọ́hun, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni tàbí nítorí ìṣẹ̀mí rẹ̀, bí ẹ bá ti rí i, ẹ kírun, kí ẹ sì tọrọ. Gbọ́ ọ dáadáa: bí ẹ bá ti *rí* i. Rírí ló so ìrun mọ́, kò so ó mọ́ àìmọ̀ wa.

Òun fúnra rẹ̀ tí ó ní kì í ṣe nítorí ikú ẹnikẹ́ni, ó jáde lọ́jọ́ náà tí ó ń wọ́ aṣọ ìlékè rẹ̀ nílẹ̀. Asma ọmọ Abubakar wọlé bá Aisha ìyàwó Ànọ́bì lórí ìrun, ó bi í pé kí ló ṣe àwọn ènìyàn. Aisha kàn fi ọwọ́ tọ́ka sí sánmọ̀, ó ní Subhaanallah. Asma bá wọn dúró. Ìdúró náà gùn débi pé òòyì ń kọ́ ọ, ó wá ń bu omi dà sórí ara rẹ̀.

Ìwọ tí o ń ka físíìsì ló yẹ kí ẹ̀rù yẹn bà jù. O mọ̀ pé ìbú oòrùn tó nǹkan bí ìlọ́po 400 ti òṣùpá, ó sì tún jìnnà sí wa tó nǹkan bí ìlọ́po 400 òṣùpá. Ìdí nìyẹn tí òṣùpá kékeré fi ń bo oòrùn ńlá rẹ́gí. Òṣùpá náà sì ń sún kúrò lọ́dọ̀ wa ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dọọdún, ìgbà kan ń bọ̀ tí kò ní lè bò ó tán mọ́. Ní 2 August 2027, òkùnkùn yóò bo oòrùn pátápátá ní Mẹ́kà. Gbogbo ayé ti mọ̀ báyìí.

Bí a ṣe ń kí ìrun kúsúùfù: ìlànà Imaamu Màlíkì ni a ń tẹ̀lé níbí. Ti oòrùn, rákà méjì ni pẹ̀lú jámáà, rúkúù (ìtẹ̀ba) méjì nínú rákà kọ̀ọ̀kan, a ó ka Àlùkùránì jẹ́jẹ́. Ti òṣùpá, kálukú ni yóò kí i nílé rẹ̀, ní méjì-méjì bíi nọ́fílà, yóò kà á sókè. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kàwé ní Saudi ń kó jámáà fún un. Mi ò bá wọn jà, ẹ̀rí wà fún wọn lọ́dọ̀ Imaamu Ṣáfíì àti Imaamu Ahmad. Kí wọ́n ṣáà má pe tiwa ní àdádáálẹ̀.

Ó ku ìbéèrè tí o kò lè fi ẹnu sọ. Mo mọ̀ ọ́n. Àwọn sàhábà wá bá Ànọ́bì, wọ́n ní àwọn ń rí nínú ọkàn àwọn ohun tí ó wúwo jù láti sọ. Ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyẹn ni ìgbàgbọ́ tí ó hàn gbangba." Bí ìgbàgbọ́ kò bá sí nínú rẹ, kò ní dá ọ lẹ́rù. Ó tún sọ pé ṣéètánì yóò máa bi ènìyàn pé ta ló dá èyí, ta ló dá tọ̀hún, títí yóò fi bi í pé ta ló dá Olúwa rẹ. Bí ó bá dé ibẹ̀, kí ó sá di Ọlọ́hun, kí ó sì dúró. Ròyíròyí yẹn ni kí o dá dúró. Kò ní kí o dá físíìsì dúró.

Ìrun tí o kò kí kò ní sísan. Bí òṣùpá bá ti mọ́, ó ti lọ. Ní Sátidé, gbé ọsàn kan àti tọ́ọ̀ṣì dání wá sí ilé kéwú, kí o fi han àwọn ọmọdé bí òjìji ayé ṣe ń bo òṣùpá. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kí ó bá ọ wá.