Èsì: Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo rò pé mo ti borí tún ń yọjú

Ẹ kú ìbéèrè, arákùnrin mi. Ẹ ní ó yà yín lẹ́nu pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìgbàgbọ́, ìdánwò àtijọ́ tún ń fà yín. Lójú tèmi, "mo ti borí" yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ fura sí. Ẹ wo 2 Sámúẹ́lì 11: ìgbà tí Dáfídì ń sá fún Sọ́ọ̀lù kọ́ ló bá Bátíṣébà, ìyàwó oníyàwó, dẹ́ṣẹ̀. Ó ti jọba, ó rán Jóábù lọ sójú ogun, òun fúnra rẹ̀ jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Pétérù náà fọ́nnu pé òun ò ní kọsẹ̀ láé; nígbà tí Jésù ní kí wọ́n máa ṣọ́nà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà, oorun ló ń sùn.

Àdúrà àná ò tó fún tòní. Ẹ mọ wákàtí àti ibi tí ìdánwò náà ti máa ń mú yín, kí ẹ yàgò fún un. Nígbà tí aya Pọ́tífárì, ọ̀gá Jósẹ́fù, di aṣọ Jósẹ́fù mú pé kó bá òun sùn, kò dúró jiyàn, ó sá jáde (àwọn kan á ní ojo ni, ẹ má dá wọn lóhùn). Kí ẹ sì wá àgbà onígbàgbọ́ kan tí ẹ lè sọ òótọ́ fún lọ́sẹ̀ yìí, kí ìdánwò náà tó tún dé.