Rọ́bà tó ń jò ló gbé mi dé Lexus

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè pé kí ló ń mú ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ bọ̀gìnì Jámánì tà á, kó lọ ra Lexus, ṣé owó ni àbí fáàrí. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021. Lexus kò wọ́n jù, kò pọ́kú jù, bẹ́ẹ̀ ni n kò rò pé ó lẹ́wà ju èyí tí mo ní lọ. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ̀rọ̀ ti wá.

Tòkunbọ̀ ni mo ra ti Jámánì náà, ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án lókè òkun kó tó dé Èkó. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà gan-an. Lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́. Kì í ṣe sípíríǹgì onírin ló gbé e dúró, àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ni, ìyẹn ló ń mú kó dà bíi pé èèyàn jókòó sórí tìmùtìmù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo jáde síta, mo bá a tó ti fìdí lé táyà. Àpò rọ́bà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ti lu. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé bí rọ́bà bá ti ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kì í rí ìsinmi mọ́. Yóò máa ṣiṣẹ́ ṣáá títí yóò fi jóná. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí tèmi ti ń jò. Mo ra rọ́bà, mo tún ra ẹ̀rọ.

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí iná ìkìlọ̀ tún tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò ní kọ̀ǹpútà tó lè bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀. Èkejì ní tiẹ̀, ó rí àṣìṣe márùn-ún, ó sì ní kí n pààrọ̀ gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà kà. Mo ti pààrọ̀ mẹ́ta kí rìwáyà kan tó yẹ bátìrì wò, tó ní kò lágbára mọ́, pé òun ló ń da gbogbo rẹ̀ rú. Bátìrì lásán! Lọ́dún yẹn, oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ mi lò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Corolla ìyàwó mi la fi ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, òun náà ló ń já mi sílẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba. Corolla yẹn kò sùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ibẹ̀ ni mo ti ronú dé ọ̀dọ̀ Lexus, nítorí Toyota ló ni ín láti 1989 tí wọ́n ti gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 inú Lexus RX 350 tí mo rà, irú rẹ̀ ló wà nínú Toyota Highlander, Sienna àti Camry oní V6. Bí ẹ bá dé Ládípọ̀ ní Mushin, pààtì rẹ̀ ń bẹ, mẹkáníìkì tó bá sì ti tú Sienna rí kò ní fi ọkọ̀ yín kọ́ṣẹ́. Toyota tí a ti mọ̀ látilẹ̀ la ń tẹ̀ lé lọ síbẹ̀.

Àwọn tó ń lo àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnì Jámánì ní tuntun nílẹ̀ òkèèrè kì í rí ohun tí à ń rí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń háyà rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta. Tí àdéhùn bá parí, wọ́n á dá kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n á sì bọ́ sí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn torí pé owó oṣooṣù rẹ̀ dínkù tàbí pé ohun ìgbàlódé inú rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ti lọ kí rọ́bà tó gbó. Àwa la ń jogún rọ́bà. Láti June 2023 tí náírà sì ti já lulẹ̀, pààtì tí à ń fi dọ́là kó wọlé ti di ohun tí ń lé oorun lójú ẹni.

Mo pàdánù nǹkan kan ṣá o. Sítíárì Lexus mi fúyẹ́ jù, ó sì máa ń fì tí mo bá yà ní kọ́nà. Torí èyí gan-an ni àbúrò mi ṣe kúrò nínú Lexus bọ́ sí ti Jámánì. N kò dá a dúró, ó ní mẹkáníìkì kan n'Íkẹjà tí kì í ṣe ọkọ̀ mìíràn, oní-sípíríǹgì ló sì rà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra RX 330 tàbí RX 350 ti 2004 sí 2009, àwọn kan nínú wọn ní àpò rọ́bà yìí náà. Ẹ wá bọ́tìnì tó ń gbé ọkọ̀ sókè sódò nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀ kí ẹni tó ń tà á tó tan ọkọ̀, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí igun kan bá rẹlẹ̀ ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ẹ má sanwó.