Ṣé orúkọ tí bàbá sọ ọmọ tó láti fi gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Agbẹjọ́rò. Èmi àti ìyá ọmọ mi kò ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ọmọ náà lórúkọ ní Ọ̀fà, orúkọ mi ló wà nínú ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀, èmi náà ni mo sì ń san owó ilé-ìwé. Ó ti pé ọmọ ọdún 4. Ìyá rẹ̀ ti kó lọ sí Ìlọrin báyìí, kò sì jẹ́ kí n rí i mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú ọlọ́pàá dání lọ gbé e, pé bàbá ló lọmọ. Ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Lemọ́lemọ́ ni ìbéèrè yìí ń wá sọ́dọ̀ mi, àṣìṣe kan náà ló sì máa ń wà nídìí rẹ̀: àwọn ènìyàn ka jíjẹ́ bàbá ọmọ àti ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ sọ́dọ̀ sí ohun kan ṣoṣo. Lóòótọ́, nínú àṣà wa, ọkùnrin tó gba ọmọ lọ́mọ ní gbangba, tó sì sọ ọ́ lórúkọ níṣojú ẹbí, ti fi hàn pé òun ló bí i, ìwé-ẹ̀rí ìbí sì lè gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ilé tí ọmọ yóò máa sùn. Owó ilé-ìwé tí ẹ ń san, ojúṣe yín ni. Ẹ kò fi ra ọmọ.

Abala 68 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Kwara náà ti ṣe irú rẹ̀, sọ pé bí bàbá àti ìyá kò bá tíì gbéyàwó nígbà tí wọ́n bí ọmọ, bàbá lè bẹ kóòtù pé kí ó fún òun ní àṣẹ òbí lórí ọmọ náà, tàbí kí òun àti ìyá jọ ṣe àdéhùn lórí rẹ̀. Kóòtù náà ló lè pàṣẹ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ìgbà tí ẹnì kejì yóò máa rí i, ire ọmọ sì ni adájọ́ yóò kọ́kọ́ wò. Ọlọ́pàá kò ní irú àṣẹ yẹn.

Bàbá kan tó padà di oníbàárà mi fa ọmọ rẹ̀ gun ọ̀kadà ní ẹnu géètì ilé-ìwé, bàtà ọmọ náà ẹsẹ̀ kan sì jábọ́ sínú erùpẹ̀. Nígbà tí a dé kóòtù, ìwé bàbá pé pérépéré, ṣùgbọ́n bàtà yẹn ni ìyá gbé kalẹ̀, òun sì ni adájọ́ ń wò.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ ṣọ́ra: ní ìlànà Màlìkì, ìyẹn ẹ̀ka òfin Ìsìláàmù tí àwọn kóòtù Ṣàríà nílẹ̀ wa ń tẹ̀lé, ìyá ni a ń so ọmọ tí a bí láìsí yìgì mọ́, nítorí náà kóòtù Ṣàríà lè má fún yín ní ohun tí ẹ ń retí.

N kò tíì gbọ́ ẹnu ìyá ọmọ, n kò sì tíì rí ìwé yín, nítorí náà ẹ kó rìsíìtì àti ìwé-ẹ̀rí ìbí lọ bá agbẹjọ́rò kan lójúkojú. Ṣáájú ìyẹn, ẹ rán àgbà kan tí ìdílé ìyá ọmọ ń bọ̀wọ̀ fún sí wọn, kí ẹ lè jọ fọwọ́ sí àdéhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ bẹ kóòtù fún àṣẹ láti máa rí ọmọ. Ẹ má sì torí ìbínú dá owó ilé-ìwé dúró, nítorí adájọ́ yóò béèrè rẹ̀.