Èsì: Ṣé ẹni tó kéré lára lè fara da iṣẹ́ ológun?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè bóyá àbúrò yín tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ lè bá àwọn tó sígbọnlẹ̀ dọ́gba nínú iṣẹ́ ológun. Iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún un ni yóò sọ. Níbi ẹrù gbígbé, ẹni tó tóbi ló ní àǹfààní, nítorí pé ìbọn, ọta àti omi kì í fúyẹ́ nítorí ẹni tó ń gbé wọn: ẹrù kìlógíráàmù 30 jẹ́ ìdajì ìwọ̀n ẹni tó wọn 60, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni fún ẹni tó wọn 90.

Nínú ooru, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí a bá fi awọ ara wé ìwọ̀n ara, ti ẹni kékeré ló pọ̀ jù, nítorí náà ooru tètè ń jáde lára rẹ̀, nígbà tí ẹni ńlá tètè ń gbóná, tó sì ń fẹ́ oúnjẹ àti omi púpọ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì adìẹ. Ẹ wo àwọn Gurkha, ìyẹn àwọn ọmọ ilẹ̀ Nepal tó ń ṣe ológun fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ga: nígbà ìdánwò ìgbaniwọlé wọn, apẹ̀rẹ̀ ẹrù kìlógíráàmù 25 ni wọ́n ń gbé sáré gun òkè, tí okùn rẹ̀ á sì kọ́ iwájú orí wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wọn gíga àbúrò yín o, torí mítà 1.68 ni Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Nàìjíríà ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin. Bó bá pé, kó máa gbé ẹrù rìn díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ tó mú.