Ọmọ mi ò tíì sọ̀rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, ọdún 5, ó ní autism, Mushin là ń gbé. Àbúrò mi fẹ́ ṣe táblẹ́ẹ̀tì tó ń sọ̀rọ̀ fún un. Ṣé kò ní dí ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Rárá o, ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Àmọ́ ẹ fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀ ná, omi, ìrẹsì, bọ́ọ̀lù, tó bá ti fa fọ́tò lé yín lọ́wọ́ ẹ fún un ní nǹkan náà lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ PECS, ìyẹn ọ̀nà tí ọmọ ń gbà fi àwòrán tọrọ nǹkan, ní Amẹ́ríkà ní 1985 nìyẹn. Tó bá wá kan táblẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnì ńlá mẹ́rin péré, ohùn Yorùbá, kí "mi ò fẹ́" sì wà níbẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, torí ọmọ tí ò rọ́nà sọ pé òun ò fẹ́ lè máa gé èèyàn jẹ.