Wọ́n Fẹ́ Kọ́lé Sórí Pápá Ẹ̀yìn Ilé Wa: Kí Ni Kí N Kọ Sí Káńsù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbẹ́ ìlú kan ní Essex ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Pápá ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa, green belt ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ìlú má baà máa fẹ̀ lọ. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé tà ti béèrè àṣẹ láti kọ́ ilé 180 síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti kó ara wọn jọ, wọ́n ń gba ìbuwọ́lùwé kiri, wọ́n sì ní kí èmi náà kọ lẹ́tà. Ọkọ mi ní kí n má dá sí i, pé físà la fi ń gbé níbí, àwa kọ́ la ni ìlú. Ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́? Bí mo bá sì máa kọ ọ́, kí ni kí n sọ tí wọ́n á gbọ́? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn o. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé kò sí ibi tí òfin ètò ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè páálí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ sọ èrò rẹ̀ lórí ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́. Ayálégbé lè kọ ọ́, ẹni tó dé lánàá náà lè kọ ọ́. Kódà, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níhìn-ín pẹ̀lú ìwé tó péye lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, torí pé ọmọ Commonwealth ni wá. Káńsẹ́lọ̀ àdúgbò yín mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbò yín ò sì ní ṣe yẹpẹrẹ lójú rẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé lẹ́tà náà kì í ṣe àṣírí: orúkọ àti àdírẹ́sì yín sábà máa ń hàn lórí ìkànnì káńsù.

Ẹ tètè ṣe é o. Ọjọ́ 21 ni òfin sábà ń fún ará ìlú láti ìgbà tí ìkéde bá ti jáde, ìyẹn ìwé tí wọ́n máa ń so mọ́ òpó iná. Ọ̀pọ̀ káńsù ń gba lẹ́tà tó bá pẹ́ diẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá tíì ṣèpinnu, àmọ́ ẹ má gbára lé ìyẹn.

Ní ti ohun tí ẹ ó kọ, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ìlú káńsù rí, mo sì ti ka lẹ́tà àtakò bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ pé iye tí ilé àwọn ń tà máa wálẹ̀, pé àwọn ò ní rí pápá mọ́ láti ojú fèrèsé. Ó máa ń dùn mí, torí pé ọ̀rọ̀ náà ká àwọn tó kọ ọ́ lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìbéèrè náà wò ka ọ̀kankan nínú rẹ̀ sí. Ìwé ìbuwọ́lù náà ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ káńsù, bí orúkọ 500 bá wà níbẹ̀, ìtakò kan ṣoṣo ni wọ́n máa kà á sí. Ẹ buwọ́ lù ú, kò burú, ó ń jẹ́ káwọn káńsẹ́lọ̀ mọ̀ pé inú ará ìlú ò dùn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, tó sọ ohun tí ẹ fojú ara yín rí, ló ń mú kí òṣìṣẹ́ dúró kó sì mú kálámù.

Àwọn aládùúgbò yín á máa wí pé green belt ni, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ò ya green belt sọ́tọ̀ nítorí pé ilẹ̀ náà lẹ́wà. Òfin ọdún 1938 ló kọ́kọ́ ran àwọn káńsù àyíká London lọ́wọ́ láti pa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 1955, ìjọba ní kí àwọn ìlú ńlá yòókù náà ṣe tiwọn, kí ìlú kan má baà fẹ̀ títí tí yóò fi gbé èkejì mì. Lónìí, ó tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìdí pàtàkì hàn, tó wúwo ju gbogbo ìpalára tó máa ṣe lọ. Àmọ́ nínú ìlànà tí ìjọba gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n mú ohun tí wọ́n pè ní grey belt wọlé: ilẹ̀ inú green belt tí wọ́n ti kọ́ nǹkan sí rí, tàbí èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ yà á sọ́tọ̀. Ìyẹn ò nílò ìdí pàtàkì yẹn mọ́, bí àìtó ilé bá wà lágbègbè náà tí wọ́n sì mú àwọn àdéhùn kan ṣẹ.

Ẹ wọ ìkànnì káńsù, ẹ ka ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà pè ní Planning Statement, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí káńsù gbà fún wọn. Ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n pe pápá yín ní grey belt níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni kí lẹ́tà yín ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ṣé ó ń dá ìlú ńlá dúró kó má baà máa fẹ̀ lọ, ṣé kì í jẹ́ kí ìlú méjì lẹ̀ mọ́ra, ṣé ó ń dáàbò bo àyíká ìlú àtijọ́ kan. Pé ó jẹ́ oko tútù yọ̀yọ̀ kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pé abúlé méjì fẹ́ pàdé kò tó pẹ̀lú. Ìlú ni ìlànà náà ń wí. Nítorí náà, ẹ mú máàpù, ẹ wo ohun tó wà láàárín ìlú yín àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ pápá yìí nìkan ló là wọ́n láàárín, ẹ fi ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ iye mítà tó máa ṣẹ́kù bí ilé 180 bá dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jáde síta. Ọ̀rọ̀ omi ni ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá rọ̀, kí ẹ wá gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lọ sí igun pápá tó rẹlẹ̀ jù. Bí omi bá dárogún síbẹ̀ tí bàtà ń rì, ẹ fi fóònù yà á, kí ọjọ́ àti aago hàn, kí ògiri tàbí igi kan tí a lè dá mọ̀ sì wà nínú àwòrán. Kí ẹ wá lọ wo ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà kọ lórí omíyalé, kí ẹ wo oṣù tí àwọn ayẹlẹ̀wò wọn wá. Bó bá jẹ́ inú ẹ̀rùn ni wọ́n wá tí wọ́n kọ ọ́ pé ilẹ̀ gbẹ, àwòrán yín á fọhùn. Oríta tó lọ sí ilé-ìwé náà ńkọ́? Ẹ dúró síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ àbọ̀ òwúrọ̀, ẹ ka mọ́tò tó tò. Bí ẹ bá sì ti rí àdán tó ń fò jáde lára igi àtijọ́ kan níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ kọ ọjọ́ àti igi náà sílẹ̀, torí pé òfin ń dáàbò bo àdán àti ibùgbé rẹ̀.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Èmi ò sí lára àwọn tó lòdì sí kíkọ́ ilé. Àwọn èèyàn wa ń há mọ́ra nínú yàrá kan ṣoṣo ní Peckham ní London, owó ilé ń jẹ owó oṣù wọn tán. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà yín dà bí ti ẹni tó ti rí ilé tirẹ̀ tó wá tilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá mọ ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá wọlé tàbí ọgbà ọkọ̀ tó ṣófo nínú ìlú, ẹ dárúkọ ibẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé, bí wọ́n bá tilẹ̀ máa fàṣẹ sí i, kí wọ́n mú àdéhùn tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan ṣẹ pátápátá: lórí ilẹ̀ green belt, iye ilé olówó pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ fi ìdá 15 nínú 100 ju ohun tí káńsù ń béèrè tẹ́lẹ̀ lọ, àyàfi pé kò ní kọjá ìdajì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń padà wá bẹ̀bẹ̀ pé owó ò tó mọ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn Section 106, ìyẹn àdéhùn tó fi òfin de ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Ẹ bẹ káńsẹ́lọ̀ yín pé kí ìgbìmọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ káńsù ń fún ará ìlú láti sọ̀rọ̀; ẹ yan ẹnì kan tí kì í bínú. Bí wọ́n bá kọ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà, ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Planning Inspectorate, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì ka lẹ́tà yín níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá gbà fún un, ẹ̀yin ará ìlú ò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló kù, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣi òfin lò. Owó ńlá ni. Ẹnì kan á sì tún ní kí ẹ lọ fi orúkọ pápá náà sílẹ̀ bíi village green, ìyẹn pápá ìṣeré ará ìlú tí òfin dáàbò bò: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kéde ìbéèrè ìkọ́lé, ọ̀nà yẹn ti dí láti ọdún 2013.

Bí ẹ bá sì gbọ́ pé káńsù yín ń tún local plan ṣe, ìyẹn ìwé ètò tó sọ ibi tí wọ́n lè kọ́lé sí lágbègbè yín, ẹ kọ lẹ́tà sí ìyẹn náà, kódà bí ẹ bá borí lórí èyí. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń yọ ilẹ̀ kúrò nínú green belt, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló sì ń rántí kọ̀wé sí i.