Wọ́n fẹ́ fi ọ̀pá irin sí itan àbúrò mi, kò sì sí X-ray ní yàrá iṣẹ́ abẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọ̀kadà gbá àbúrò mi ọkùnrin, eegun itan rẹ̀ ṣẹ́, àmọ́ awọ ò ya. Wọ́n fẹ́ fi irin tí wọ́n ń pè ní SIGN sí i. Nọ́ọ̀sì wá sọ pé kò sí X-ray ní yàrá iṣẹ́ abẹ wọn. Bàbá wa ní ká kúkú gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun lábúlé. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Nítorí ohun tó ń bà yín lẹ́rù yẹn gan-an ni wọ́n ṣe irin SIGN. Orúkọ àjọ tó ń ṣe irin náà ni SIGN; Dókítà Lewis Zirkle ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ọ̀pá yìí ń gbà. Ihò wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ tí síkúrù ń wọ̀, kí eegun má baà yí tàbí kó kúrú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí ọ̀pá bá ti wọlé, ojú ò rí ihò mọ́. X-ray ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń wá a. SIGN ní tirẹ̀ ní apá irin kan tó máa ń wà níta ara, tí ihò rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ti inú. Ibi tó bá tọ́ka sí ni dókítà máa lu. Ó lè la ojú ibi tó ṣẹ́ kó tó lè tò ó, nítorí náà àpá lè pọ̀ díẹ̀ sí i. X-ray ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ṣì pọn dandan. Dókítà máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àjọ náà, àwọn náà á sì fi irin mìíràn rọ́pò lọ́fẹ̀ẹ́. Torí náà, ẹ béèrè dáadáa ohun tí owó yín wà fún.

Ní ti Bàbá, mi ò bú àwọn tó ń to eegun. Àmọ́ ẹran itan lágbára púpọ̀, ńṣe ló máa ń fa eegun tó ṣẹ́ gun orí ara wọn. Tí wọ́n bá sì fi igi dì í le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ẹsẹ̀. Ó máa ń dùn mí wọra láti gé ẹsẹ̀ tí irú ìdì bẹ́ẹ̀ ti pa. Ká fi nǹkan wíwúwo fa ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà lè mú kí eegun so pọ̀, àmọ́ ó tó ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìdùbúlẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀pá irin sábà máa ń fi ọ̀pá abẹ́ abíyá dìde láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ máa ṣọ́ ọ. Tí kò bá lè mí dáadáa, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere, tàbí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù tó sì kú tipiri, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ lóru.